Ìfarahàn jíìnì nínú ẹbí 15: ComBat sọ h² di òdo, níbo ni mo ti ṣì í?

Alábẹ́rẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá.

Sáńpù RNA-seq 120 (kíka RNA láti mọ ìfarahàn jíìnì, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) ló wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ látara ẹbí 15. Ẹni 5 sí 11 ló wà nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ìran mẹ́ta. Àwọn tó fẹ́ wọ inú ẹbí náà, ọkọ tàbí ìyàwó, wà lára wọn. Mo fẹ́ wọn h² jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìjogún ṣe tó nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà kí n wá cis-eQTL, ìyẹn ìyàtọ̀ inú DNA nítòsí jíìnì tó ń yí ìfarahàn jíìnì náà padà.

Ohun tí mo ti ṣe rèé: featureCounts láti ka reads (àwọn ègé RNA tí ẹ̀rọ kà), mo yọ àwọn jíìnì tí reads wọn kéré jù, TMM láti mú sáńpù dọ́gba, log2CPM (log iye reads nínú mílíọ̀nù kan), ComBat láti yọ ipa ọjọ́ tí a fa RNA jáde, mo wá parí rẹ̀ pẹ̀lú inverse normal (fífi ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan rọ́pò iye rẹ̀, kó lè bá ìpínkiri normal mu) lórí jíìnì kọ̀ọ̀kan. Kí n tó lo ComBat, h² ga ju bó ṣe yẹ lọ, kódà lára àwọn jíìnì tí n kò retí. Lẹ́yìn ComBat, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo fún gbogbo wọn pátá.

Ìbéèrè mi: ṣé ẹbí kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí n mú dọ́gba lọ́tọ̀ ni, àbí gbogbo wọn pọ̀? Ibo ni inverse normal yẹ kó wà? Àti pé PEER, tó ń wá àwọn ohun tó fara sin (factor) tó ń ti ọ̀pọ̀ jíìnì pọ̀, ńkọ́: GTEx, iṣẹ́ ńlá kan lórí eQTL ènìyàn, lo factor 15 fún sáńpù tí kò tó 150, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni fún dátà ẹbí?

Onímátíríìsì dáhùn:

Kí n tó sọ ohunkóhun: ọjọ́ mélòó ni ẹ fi fa RNA jáde, àwọn wo ni ẹ sì jọ fà lọ́jọ́ kan náà?

Alábẹ́rẹ́:

Ọjọ́ 15. Ẹbí kan lọ́jọ́ kan, torí bí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di orí library (pípèsè RNA fún ẹ̀rọ tó ń kà á), a da àwọn ẹbí pọ̀ mọ́ra lórí plate (àwo oníhò) mẹ́ta, sáńpù 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Onímátíríìsì:

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú dátà yín, "ọjọ́" àti "ẹbí" jẹ́ orúkọ méjì fún nǹkan kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ ní kí ComBat yọ ipa ọjọ́, ìpíndọ́gba ẹbí kọ̀ọ̀kan ló mú, tó sì fa gbogbo wọn wá sójú kan. Kò tilẹ̀ fi mọ síbẹ̀, torí ComBat tún máa ń fa variance (bí ìyàtọ̀ ṣe tó) inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ti àwọn yòókù.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe ń pa h². Ọ̀nà tí módẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ìjogún ni pé kó wò ó bóyá àwọn tó bá ara wọn tan jọra ju àwọn tí kò bá ara wọn tan lọ. Ẹ mú ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹ yọ ìpíndọ́gba wọn kúrò. Ohun tó kù lára àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ rò pọ̀ sí òdo: bí ẹnì kan bá lọ sókè, dandan ni kí àwọn méje yòókù lọ sílẹ̀ díẹ̀. Correlation (ìwọ̀n ìjọra) láàárín ẹni méjì nínú ẹbí náà á wá máa jẹ́ −1/7, ìyẹn bíi −0.14, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bó ti wù kí ìjogún jíìnì náà ga tó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó yẹ kó jọra wá ń kọ ẹ̀yìn síra wọn. REML, ìṣirò tó ń pín variance, kò ní ibi tó máa sá sí ju òdo lọ. Òótọ́ ni pé ComBat máa ń fa ìṣirò rẹ̀ sí àárín díẹ̀, torí náà kì í ṣe òdo gérégé, àmọ́ kò jìnnà sí i.

Èyí tó ga kí ẹ tó lo ComBat náà kì í ṣe òótọ́ o. Àwọn tí a jọ fa RNA wọn lọ́jọ́ kan náà ti jọra látorí ọjọ́ yẹn, módẹ́ẹ̀lì sì ka gbogbo rẹ̀ sí ìjogún. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló purọ́.

Àṣìṣe irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2007, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ìwádìí kan tó fi ìfarahàn jíìnì àwọn ará Yúróòpù wé ti àwọn ará Éṣíà: wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú array (ohun tí wọ́n fi wọn ìfarahàn) ti Yúróòpù ní 2003 àti 2004, ti Éṣíà sì jẹ́ 2005 àti 2006. Kò sí ìṣirò tó lè ya ọdún kúrò lára ènìyàn níbẹ̀.

Ti yín sàn díẹ̀, torí ẹ ní àwọn tó fẹ́ wọlé. Ọkọ àti ìyàwó kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni a fa RNA wọn. Àwọn ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ padà sí log2CPM tí kò tíì rí ComBat, ẹ yọ ipa ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti plate. Lẹ́yìn náà, fún jíìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò correlation lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọkọ àti ìyàwó, òbí àti ọmọ, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àti ọbàkan tàbí iyèkan tí ẹ bá ní wọn. Bí ìjogún nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tọkọtaya á wà nítòsí òdo, òbí àti ọmọ á jẹ́ h²/2, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà bẹ́ẹ̀, ọbàkan á jẹ́ h²/4. Ká ní h² jíìnì kan jẹ́ 0.40: ẹ ń retí 0, 0.20, 0.20 àti 0.10. Bí ẹ bá wá rí 0.30 láàárín tọkọtaya, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì jẹ́ 0.50, ọjọ́ àti ilé tí wọ́n jọ ń gbé ló ni 0.30 yẹn, ohun tó kù fún ìjogún (h²/2) ni 0.20.

Ẹ má wo jíìnì kan ṣoṣo. Tí tọkọtaya bá jẹ́ 25, àṣìṣe tó wà lára correlation kọ̀ọ̀kan tó 0.2. Ẹ ya ìpínkiri rẹ̀ lórí gbogbo jíìnì, kí ẹ sì wo ibi tí àárín rẹ̀ bọ́ sí.

Àṣàkẹ́_láàbù dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀gá Onímátíríìsì. Kí n fi ti láàbù kún un: ọjọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ń yí ìfarahàn padà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ṣeé wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìwọ̀n yẹn wọ módẹ́ẹ̀lì dípò ọjọ́, torí wọ́n máa ń yàtọ̀ láàárín ẹni méjì nínú ẹbí kan náà, ọjọ́ kì í yàtọ̀.

RIN, ìwọ̀n bí RNA ṣe wà lódindi tó, ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sáré CollectRnaSeqMetrics tó wà nínú Picard: ẹ mú ìpín reads tó bọ́ sí intron (apá jíìnì tí a máa ń gé kúrò lára RNA), ẹ mú 3′ bias (bí reads ṣe kó sí òpin RNA), ẹ mú ti ribosome. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogboogbò, ìpín reads tí HBA1, HBA2 àti HBB, àwọn jíìnì globin, kó lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ globin kúrò, iṣẹ́ yẹn kì í rí bákan náà lójoojúmọ́, àwọn jíìnì yòókù á sì máa lọ sókè sódò tẹ̀ lé e. Ẹ fi iye neutrophil àti lymphocyte (oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun) kún un tí ẹ bá ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí ẹ kò bá ní, ẹ fi deconvolution, ìṣirò iye sẹ́ẹ̀lì látinú ìfarahàn, fojú bù ú.

Bí ó bá jẹ́ PAXgene (túùbù tó ń pa RNA mọ́) ni ẹ fi gba ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè wákàtí tí túùbù kọ̀ọ̀kan fi dúró kí ó tó wọ firísà. Ó kéré tán, wákàtí 2 ni kó fi dúró kí ó tó di pé a fa RNA rẹ̀ jáde. Ẹbí tó wá láti ọ̀nà jíjìn àti èyí tó ń gbé nítòsí kì í bára mu níbẹ̀. Gbogbo ẹbí náà ló máa jọ gba ipa yẹn pọ̀, tó sì máa dà bí ìjogún.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ERCC (RNA àtọwọ́dá tí a ń fi kún sáńpù) fún ìṣòro yìí. Transcript 92 tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti fa RNA jáde tán la sábà máa ń fi í sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó débẹ̀ kò kàn án.

Onímátíríìsì:

Kí n tètè dáhùn àwọn ìbéèrè yòókù.

Ẹ má ṣe mú ẹbí kọ̀ọ̀kan dọ́gba lọ́tọ̀, láéláé. TMM lórí sáńpù 120 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ TMM ni láti tún bí library ṣe tóbi sí àti bí àwọn jíìnì díẹ̀ tó ń jẹ reads púpọ̀ ṣe ń fún àwọn yòókù pa. Nǹkan sáńpù nìyẹn, kì í ṣe nǹkan ẹbí.

Inverse normal nínú ẹbí lọ́tọ̀ ló burú jù. Blom ni ẹ̀yà rẹ̀ tí a sábà ń lò: ẹ mú ipò ẹni náà, ẹ yọ 3/8 kúrò, ẹ fi iye ènìyàn tí a fi 1/4 kún pín in, ẹ wá wo z rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìdá náà bọ́ sí lórí ìpínkiri normal. Nínú ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹni tó wà lókè pátápátá ní 7.625 tí a fi 8.25 pín, tó jẹ́ 0.924, z rẹ̀ sì jẹ́ 1.43. Nínú gbogbo ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹni àkọ́kọ́ á jẹ́ 1.43, ìpíndọ́gba á jẹ́ òdo, yálà jíìnì náà ń pariwo nínú ẹbí yẹn tàbí ó dákẹ́. Ìyàtọ̀ ẹbí sí ẹbí ti lọ nìyẹn.

Ibi tó yẹ kó wà: lórí gbogbo ènìyàn pọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ipa covariate (ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, plate, ìwọ̀n láàbù) kúrò. Nínú iṣẹ́ linkage (wíwá ibi tí DNA àti àbùdá ti jọ ń rìn nínú ẹbí) tó dá lórí variance, kò ṣeé fò dá, torí bí ìrù ìpínkiri bá wúwo jù, LOD, máàkì ẹ̀rí linkage, á ga láìnídìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún dá àwọn covariate padà sínú módẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn, kí àwọn àti mátíríìsì ìbátan (tábìlì bí ẹni méjì kọ̀ọ̀kan ṣe bá ara wọn tan tó) jọ wà nínú ìṣirò kan náà. Bí ẹ bá yọ covariate kúrò lára ìfarahàn, tí ẹ kò sì yọ ọ́ kúrò lára genotype (irú DNA tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní), agbára eQTL yín á dínkù níbikíbi tí méjèèjì bá ti ní àjọṣe.

Ọmọ_Ìṣirò dáhùn:

Lórí inverse normal, èmi kò gbà pátápátá. Bí ẹ bá ń wá variant (ìyàtọ̀ inú DNA) tó ṣọ̀wọ́n, tí ẹbí kan péré gbé, òun gan-an ló máa ń pa á. Láàárín ènìyàn 120, ẹni tó ga jù kò lè kọjá 2.56, ì báà jẹ́ pé SD mẹ́fà ló fi ta yọ. Ìwọ̀n tí ẹbí náà fi yàtọ̀ ti lọ, ipò nìkan ló kù. Fún cis-eQTL tó wọ́pọ̀, ẹ lò ó, kò sí wàhálà. Fún variant inú ẹbí kan ṣoṣo, log2CPM ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ fojú ara yín wo àwọn tó ta yọ.

Asẹ́ tí ẹ fi sẹ́ jíìnì náà ń ṣe irú ìkà yẹn. Òfin GTEx ni pé kí jíìnì ju TPM (ìpín rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan) 0.1 lọ, kó sì ní reads 6 ó kéré tán, nínú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sáńpù. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án nínú 120 jẹ́ 7.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Jíìnì tó bá jí nínú ẹbí yẹn nìkan ti bọ́ dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó kan PEER. Iye tí GTEx lò, 15 fún sáńpù tí kò tó 150, 30 títí dé 250, 45 títí dé 350, 60 fún ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, iye cis-eGene (jíìnì tó ní cis-eQTL) tó jáde ni wọ́n sì fi yan án. Kò sọ ohunkóhun nípa h². PEER kò mọ ẹbí. Ohunkóhun tó bá ń ti ọ̀pọ̀ jíìnì lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni factor lójú tirẹ̀, ì báà jẹ́ RIN, ì báà jẹ́ trans-eQTL (variant tó ń ti jíìnì tó jìnnà sí i) tí bàbá àgbà pín fún ọmọ mẹ́rin.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ factor kankan, ẹ sọ òun fúnra rẹ̀ di phenotype, ìyẹn àbùdá tí à ń wọ̀n. Ẹ wọn h² factor kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mátíríìsì ìbátan, kí ẹ tún fi wé RIN, globin, plate àti iye sẹ́ẹ̀lì. Factor tí ìwọ̀n láàbù ṣàlàyé tán, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ìjogún rẹ̀ ga, tí kò sì bá ìwọ̀n láàbù kankan mu, ẹ fi sílẹ̀ bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ h² tàbí trans. Fún cis nìkan, ẹ lè yọ ọ́, torí variant kan létí jíìnì kan kì í sábà ti factor tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì. Ẹ̀dà dátà méjì ló máa jáde níbẹ̀, kò burú. Èyí tó burú ni kí ẹ fi ẹ̀dà tí ẹ ṣe fún cis wọn h².

Alábẹ́rẹ́:

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ṣe ti tọkọtaya: àárín rẹ̀ kò sí ní òdo rárá, ó sún mọ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ó ti yé mi.

Nǹkan kan tún rú mi lójú. Lórí jíìnì kan náà, covariate kan náà, SOLAR, ètò tó ń ṣírò h² nínú ẹbí, fún mi ní h² 0.40, script R tí mo kọ fúnra mi sì fún mi ní 0.57. Mátíríìsì ìbátan tí kinship2 (package R) gbé jáde ni mo lò bó ṣe wà.

Ọmọ_Ìṣirò:

Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kinship ni kinship2 ń gbé jáde: 0.5 fún ènìyàn àti ara rẹ̀, 0.25 fún òbí àti ọmọ, 0.25 fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, 0.125 fún ọbàkan, 0.5 fún ìbejì ẹyin kan. Módẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ èyí tó ní 1 lórí ìlà ìdábùú. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, variance ìjogún ló máa di ìlọ́po méjì láti fi dí àlàfo náà: 0.4 á di 0.8, variance tó kù á dúró ní 0.6, 0.8 tí a fi 1.4 pín sì jẹ́ 0.57. Ó bá ti yín mu gẹ́ẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo duplicateCorrelation nínú limma (package R fún ìfarahàn jíìnì), kí ẹ fi ẹbí ṣe block. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n correlation kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo jíìnì, ó sì ń ka ọkọ àti ìyàwó sí ìbátan bíi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. MatrixEQTL, ètò tó ń wá eQTL, náà gba mátíríìsì kan fún gbogbo jíìnì, àpapọ̀ ìbátan àti àṣẹ́kù ló sì yẹ kí ẹ fún un, kì í ṣe ìbátan nìkan. GEMMA ni mo máa lò: ó ń tú mátíríìsì náà palẹ̀ sí eigenvector, ó sì ń ṣírò variance jíìnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹ má sì da orúkọ sáńpù rú láàárín ẹbí láti gba p-value. Permutation bẹ́ẹ̀ ń tú ìbátan ká, p yín á dára ju òótọ́ lọ. Gene dropping ni kí ẹ lò, ìyẹn kí ẹ da allele (ẹ̀dà jíìnì) láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú ìlà ẹbí láìbìkítà fún ìfarahàn.

Àṣàkẹ́_láàbù:

Kí ẹ tó lọ jìnnà: ẹ ti yẹ ìpààrọ̀ sáńpù wò? XIST (jíìnì tó ń hàn lára obìnrin) àti RPS4Y1 (tó ń hàn lára ọkùnrin) á fi ọkùnrin tí a pè ní obìnrin hàn yín, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkùnrin tí túùbù wọn yí padà hàn. Ẹ fi MBV inú QTLtools wé RNA kọ̀ọ̀kan mọ́ DNA gbogbo ènìyàn, kì í ṣe mọ́ ẹni tó ni ín nìkan. Ìpààrọ̀ inú ẹbí kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ba h² jẹ́, eQTL ló máa ń bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ẹ tún lo WASP nígbà tí ẹ bá ń to reads, torí reads tó gbé allele tí kò sí nínú reference (DNA àpẹẹrẹ tí a ń to reads mọ́) máa ń sọnù, ìpàdánù náà sì ń tẹ̀ lé haplotype (allele tó jọ ń rìn pọ̀) láti òbí dé ọmọ bí ẹni pé jíìnì ló fà á.

Alábẹ́rẹ́:

Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú firísà, túùbù kejì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣé ó tó láti tún ẹnì kọ̀ọ̀kan fà látinú ẹbí kọ̀ọ̀kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Onímátíríìsì:

Ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé RNA tuntun 15 yẹn nìkan lọ ṣe library, ẹ ti tún da nǹkan méjì pọ̀: fífà tuntun àti library tuntun. Ẹ fi RNA àtijọ́ àwọn 15 kan náà sí orí plate kan náà, kó di ihò 30, kí tuntun àti àtijọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan wà nítòsí ara wọn. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì nígbà náà, ti fífà ni. Sáńpù méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó láti tún jíìnì kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, ariwo á bò ó. RUVs ni kí ẹ fún wọn, kó kọ́ factor méjì tàbí mẹ́ta látinú ìyàtọ̀ náà, kí ẹ wá gbé àwọn factor yẹn lọ sórí 120. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ṣe ti tọkọtaya. Bí àárín rẹ̀ kò bá tíì sún mọ́ òdo, ilé tí wọ́n jọ ń gbé ló kù. Ẹ fi í sínú módẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí random effect (apá variance) tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé kan náà ni gbogbo ẹbí ń gbé, ẹ fi h² sílẹ̀, kí ẹ ṣe cis-eQTL láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nìkan: ọjọ́ kan náà ni ti àwọn yẹn, genotype wọn ló yàtọ̀.